Owó Tí Ará Ilé Mi Kò Mọ̀ Sí

Ohun kan wà tí mo ti ń ṣe láti bí ọdún mélòó kan tí àwọn ọmọ ìyá mi kò mọ̀. Lóṣooṣù, kí owó oṣù mi tó wọ báńkì, mo ní kí wọ́n yọ nǹkan kún owó ìfẹ̀yìntì mi, yàtọ̀ sí èyí tí òfin ti yọ. Owó tó bá dé báńkì nìkan ni mo máa ń kà mọ́ owó fún ẹbí. Bí wọ́n bá ní kí n mú owó wá fún òkú, fún ìkómọ, fún owó ilé-ìwé ọmọ àbúrò, ohun tó wà ní báńkì ni mo ń wò kí n tó dáhùn. Èyí tó ti lọ kí ó tó débẹ̀, n kì í mẹ́nu bà á. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kò sì sí àbámọ̀ nínú ìjẹ́wọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní ahun, kó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ná.

Èmi ni mo ń ṣe ìwé owó oṣù ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Olúyọ̀lé, n'Íbàdàn. Orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iye tó ń gbà, iye tí a yọ fún owó orí, fún owó ìfẹ̀yìntì, fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, gbogbo rẹ̀ ń gba ọwọ́ mi kọjá. Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí n rí ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò rí: òfin fún wa láàyè láti ya owó sọ́tọ̀ fún ọjọ́ ogbó àti ọjọ́ àìsàn kí owó orí tó kàn án, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wa kò fọwọ́ kan àyè náà rí. Kì í ṣe ìwé ló wá kọ́ mi ní ìdí tó fi yẹ kí n lò ó. Màámi ló kọ́ mi.

Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Màámi ń ta aṣọ ní ọjà Gbági. Nígbà tí a wà ní kékeré, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Màámi ló lówó. Owó oṣù tíṣà a máa pẹ́, a sì máa kéré. Owó Gbági la fi ra ìwé, òun la fi san owó WAEC, òun náà la fi kan páànù ilé tí àwọn òbí wa ń gbé títí di òní. Àwọn ọ̀rẹ́ Màámi a máa fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ìjọba kò lè bọ́ adìẹ. Bàbá mi kì í fèsì.

Bàbá mi fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n oṣù kì í parí kó má wọlé. Òun ló fi ń ra oògùn rẹ̀, òun ló fi ń ra káàdì sórí fóònù, bí a bá sì kó àwọn ọmọ wa lọ kí i, ó máa ń wá nǹkan fún wọn kí wọ́n tó kúrò. Màámi ní tirẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Àìsàn ló lé e kúrò lọ́jà. Àtọ̀gbẹ ni, ó sì ti pẹ́ lára rẹ̀ kó tó mọ̀. Ìgbà tí egbò kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò jinná ni wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kí wọ́n tó gbà á sílé ìwòsàn, dípọ́sítì. Kí wọ́n tó fọ egbò, owó. Ínsúlíìnì, owó. Àyẹ̀wò, owó, bó bá sì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á ní ká tún un ṣe. Àwọn àǹkárá àti léèsì tó kó jọ fún ọjà Iléyá àti ọjà Kérésì, iye tí kò tó iye tó rà wọ́n ló ń tà wọ́n kí owó lè yá. Lẹ́yìn aṣọ, ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Owó tí obìnrin kan fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ wọ inú egbò ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lọ.

Nígbà tí tirẹ̀ tán, ó kan àwa ọmọ. A dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, a ń dá owó. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó wà lókè òkun ń fi ránṣẹ́ nígbà tó bá rọrùn fún un. Àbúrò wa obìnrin tó ń gbé nítòsí Màámi ló ń sáré ilé ìwòsàn. Èmi ni mo ń dí àlàfo tó bá ṣẹ́kù. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ kan tó le láti sọ. Bí fóònù mi bá dún lálẹ́ tí mo rí orúkọ àbúrò mi, kì í ṣe àánú Màámi ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn. Iye ló kọ́kọ́ ń wá. Èló tún ni? Ìyá tó bí mi, tó ta aṣọ lójú oòrùn kí n lè kàwé, ó ti di iye owó nínú ọkàn mi. Mo máa ń sunkún nítorí rẹ̀ nínú balùwẹ̀, n kò sì lè sọ ọ́ fún ọkọ mi pàápàá. Mo sọ ọ́ síbí nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Àwọn tó jẹ́ pé àwọn lẹbí gbára lé mọ ohun tí mò ń wí.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. N kò bá òwe jà. Ọmọ tó bá kọ ẹ̀yìn sí òbí rẹ̀ lójú ogbó, ojú burúkú ni mo fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, ọmọ méje, ọmọ mẹ́jọ ló wà lóko, iṣu wà nínú abà, kò sì sí ẹni tó ń béèrè dípọ́sítì kí ó tó wo egbò. Ọmọ méjì ni èmi bí. Bí wọ́n bá dàgbà tí wọ́n ń gba owó oṣù, tí wọ́n ń san owó ilé, tí wọ́n ń rán ọmọ tiwọn níwèé, ọmú wo ni yóò kù tí èmi yóò mu? Ohun tí mo sì ń bẹ̀rù ju ìṣẹ́ lọ ni kí ọmọ mi gbọ́ ohùn mi lórí fóònù kó máa ronú iye.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé sí ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ wa.

Òfin àtúnṣe ètò ìfẹ̀yìntì, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 2004 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2014, ní kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán 8% nínú owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ fi ó kéré tán 10% tì í. Owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé lórí. Dandan ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ẹni tó bá wù lè fi kún tirẹ̀ láti inú owó oṣù rẹ̀. Mo kọ iye tí mo fẹ́ sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i, ó tán. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló dé.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú òfin 2014 yìí ni bó ṣe dáàbò bo owó náà. Bó ti ń wọlé, wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀. Bó ti ń bí sí i lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ṣòwò, wọn kì í gba owó orí lórí èrè rẹ̀. Nígbà tí o bá fẹ̀yìn tì tí o wá ń gbà á, owó orí kò kàn án síbẹ̀. Kò sí owó mìíràn tó ń gba ọwọ́ òṣìṣẹ́ bíi tèmi tí mo mọ̀ tí òfin dá sí tó báyìí. Ẹ fi wé àjọ tí Màámi ń dá nígbà tó wà ní Gbági: ẹni tó ń gbà á kiri a máa mú ti ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, iye tó kó ni yóò sì kó fún ọ padà láìsí èrè. N kò bú àjọ o, òun ló rán wa níwèé. Ṣùgbọ́n owó tí a ó jẹ lọ́dún ọgbọ̀n sí i, kì í ṣe inú àpò alájọ ló yẹ kó wà.

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, kò pa àǹfààní yìí rẹ́. Ó mú ìdẹ̀kùn gbogbogbòò ti àtijọ́, èyí tí wọ́n ń yọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó ṣírò owó orí, kúrò, ó sì gbé mìíràn wá. Nínú owó tó bá kù lẹ́yìn àyọkúrò, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí kankan. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15%. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń gòkè títí dé 25% fún àwọn tí tiwọn ti ju àádọ́ta mílíọ̀nù lọ. Ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn yẹn: lẹ́yìn àyọkúrò. Kí wọ́n tó ṣírò owó orí rárá, wọn yóò yọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ kúrò, wọn yóò yọ ìdáwó rẹ fún adójútòfò ìlera orílẹ̀-èdè, ìdáwó NHF tó wà fún ilé gbígbé, owó adójútòfò ẹ̀mí tìrẹ tàbí ti ọkọ tàbí aya rẹ, èlé orí owó tí o yá láti fi kọ́ ilé tí ìwọ fúnra rẹ ń gbé. Bí o bá sì ń gbé ilé onílé, ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tí o san lọ́dún, kó má ti ju ₦500,000 lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹni tó ń gba ₦250,000 lóṣù ṣe é, nítorí irú wọn pọ̀ nínú ìwé tí mò ń kọ. Lọ́dún, ₦3,000,000 ni. Bí kò bá sí àyọkúrò kankan, owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦330,000. Ká ní gbogbo owó oṣù náà ni wọ́n ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì lé lórí, yọ 8% tó jẹ́ ₦240,000, owó orí bọ́ sí ₦294,000. Bó bá ń san ₦600,000 fún ilé lọ́dún, tó sì mú ẹ̀rí wá, ₦120,000 tún kúrò, owó orí di ₦276,000. Bó bá wá fi ₦20,000 kún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóṣooṣù, owó orí já sí ₦240,000. ₦90,000 lọ́dún ló wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìṣirò yẹn. ₦20,000 tó ń fi pamọ́ lóṣù náà, ₦17,000 péré ló dín nínú owó tó ń wọ báńkì rẹ̀. ₦3,000 tó kù, owó tí ìbá ti bá owó orí lọ ni.

Owó orí kò yẹ ní sísá fún, n kì í sì í sá fún un. Èyí tí òfin ní kí n san, mo ń san án, mo sì ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi jà bí wọ́n bá ní kí n kọ iye tí kì í ṣe òótọ́. Ohun tí òfin ní kó jẹ́ tèmi ni mò ń gbà. Àwọn kan ń fi owó ńlá sínú owó ìfẹ̀yìntì lónìí, wọ́n ń sáré yọ ọ́ lọ́la, kí wọ́n lè fi bo owó orí mọ́lẹ̀. Òfin 2014 ti fojú sí irú èyí: bí o bá yọ owó tí o fínnúfíndọ̀ dá kó tó pé ọdún márùn-ún, owó orí yóò kan èrè rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Owó ogbó kì í ṣe ibi ìsápamọ́.

Ọ̀rọ̀ risíìtì owó ilé yìí ń dùn mí gan-an. Bàbá Kọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ wa, ń gbé ilé onílé láti ìgbà tó ti gbéyàwó. Mo ní kó mú risíìtì wá. Ó ní onílé òun kì í fúnni ní risíìtì, ó ń bẹ̀rù pé ìjọba yóò wá bá òun náà. Owó tó yẹ kó dín ìnira Bàbá Kọ́lá kù wá di ohun tí ìbẹ̀rù ẹlòmíràn gbé mì. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó yé fi owó lé onílé lọ́wọ́, kó máa fi ránṣẹ́ láti báńkì, kó kọ ọ́ sí i pé owó ilé ni, kí ó sì bẹ ẹ́jẹ́ǹtì ilé náà kó fún un ní ẹ̀dà ìwé àdéhùn. Ó ṣe é. Ó ti ń lọ sọ fún àwọn ará yàrá kejì.

Bí mo bá ń sọ gbogbo èyí níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́: ìjọba yóò jẹ ẹ́. Mo lóye wọn. Ta ni kò ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó tò fún àyẹ̀wò ìfẹ̀yìntì títí oòrùn fi pa á? Ṣùgbọ́n owó tiwa yìí kò sí nínú àpò gómìnà tàbí ti mínísítà. Ilé-iṣẹ́ kan ló ń bójú tó o tó sì ń pinnu òwò tí wọ́n yóò fi ṣe, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló di owó náà mú, àjọ PenCom sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń pinnu kò fọwọ́ kan owó. Nọ́ńbà tìrẹ wà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, orúkọ rẹ ló wà lórí rẹ̀, bí o bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ síbòmíràn, ó ń tẹ̀ lé ọ. Láti ọdún 2020 ni òṣìṣẹ́ sì ti lè kúrò lọ́dọ̀ alábòójútó tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Èyí tí wọ́n bá sọ nípa ọ̀wọ́n, n kò ní jiyàn rẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó ọjà kọjá 30% ní ọdún 2024, mo sì rí bí owó tí mo ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ ṣe dín ní agbára. Ó dùn mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú ra ilẹ̀, tàbí kí n ra dọ́là. Ẹni tó bá lè ra ilẹ̀, kó rà á. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó ní ilẹ̀ ní Mọ̀níyà tí àìsàn dé bá, tí kò rí ẹni tó máa rà á ní kíákíá, tó wá gbé e fún ẹni àkọ́kọ́ tó dé. Mo tún mọ ara mi: owó tó bá wà ní àrọ́wọ́tó mi, ẹbí ti ná an tán nínú ọkàn wọn. Owó tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní àkókò ìbínú tàbí ìtìjú nìkan ló ń pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbà kí ọ̀wọ́n jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ ju kí ìkómọ àti àríyá jẹ gbogbo rẹ̀ lọ.

Ohun tí n kò ní gbà mọ́ láéláé ni ti agbanisíṣẹ́. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí n tó dé ibi tí mo wà yìí, wọ́n ń yọ 8% wa lóṣooṣù, ó wà nínú ìwé owó oṣù wa. Nígbà tí mo béèrè fún àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ alábòójútó, oṣù lórí oṣù ni kò sí ohun tó wọlé. Owó wa ni wọ́n fi ń yí òwò wọn. Òfin sọ pé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n san owó oṣù ni owó yẹn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú rẹ̀. Bó bá pẹ́, ìtanràn tí kò ní dín sí 2% owó tí wọ́n jẹ ń gorí rẹ̀ lóṣooṣù. PenCom ní àwọn aṣojú tó ń lọ gba irú owó bẹ́ẹ̀. Àwa kan kọ ìwé, wọ́n sì rán ènìyàn wá. Owó náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí kò béèrè, n kò mọ ibi tí tiwọn dé. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ṣe ìwé owó oṣù tán níbi tí mo wà báyìí, owó ìfẹ̀yìntì ni mo kọ́kọ́ ń lé jáde, kí ọ̀gá tó ní kí n dúró ná.

Ọ̀rọ̀ ìlera wá kù, òun ló sì sún mọ́ ọkàn mi jù.

Ọmọ mi ọkùnrin jí mi lóru kan pé inú ń run òun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kò lè dìde dúró mọ́. Àpẹ́ńdíìsì ni, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Ilé-iṣẹ́ wa wà lórí ètò adójútòfò ìlera, èyí tó kárí òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin tí kò tí ì pé ọdún méjìdínlógún. Mo mú nọ́ńbà mi jáde. Wọ́n ní kí a dúró de kóòdù láti ọ̀dọ̀ HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera wa. Ìdúró yẹn le, mo gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Kóòdù dé, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ọmọ mi yè. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn ni wọ́n ní kí n san. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú wọ́ọ̀dù, mo ń wo ìwé owó yẹn, Màámi ni mo ń rò. Nítorí pé ìdáwó kékeré kan ń kúrò nínú owó oṣù mi kí n tó rí i, kí owó orí tó kàn án, ọmọ mi rí ohun tí ìyá mi fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá.

Nọ́ńbà mi yẹn kò kárí Màámi. Òbí kì í ṣe ara ìdílé lójú ètò náà, àyàfi bí o bá san owó lọ́tọ̀ fún un. Òfin NHIA tí Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ó sì fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ní ètò tiwọn, níbi tí ẹni tí kò níṣẹ́ oṣù, ìyálọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́, àgbàlagbà, lè forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fi orúkọ Màámi àti bàbá mi sílẹ̀ nínú ti ìpínlẹ̀ wa. Ó ń rí dókítà báyìí láìsí dípọ́sítì, wọ́n ń yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò déédéé. Kò kárí gbogbo nǹkan, àwa ṣì ń ra àwọn oògùn kan. Ṣùgbọ́n fóònù alẹ́ ti dín kù. Bí àbúrò mi bá pè mí báyìí, a máa ń bá ara wa ṣeré kí ọ̀rọ̀ owó tó yọjú, nígbà mìíràn kì í yọjú rárá.

Ibo ni mo ti ń rí owó adójútòfò tí mò ń san fún wọn? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó orí tí ìdẹ̀kùn dá padà fún mi ni. Mo ya á sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, ó kárí àwọn méjèèjì, ó sì ń ṣẹ́kù. Ẹbí mi rò pé èmi ni mo fi ìfẹ́ ṣe é. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí mo fi pamọ́ kúrò lójú wọn ló bí owó tí mo fi ń tọ́jú òbí wa. Bí ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi bá ka èyí, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe pé mo já wọn sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi í sílẹ̀ fún akọ̀wé owó nìkan. Ẹ gba àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì yín, kí ẹ fi wé ìwé owó oṣù yín, oṣù sí oṣù. Ẹ kó ẹ̀rí owó ilé yín wá síbi iṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀ pé kó jogún owó náà ṣì ni ẹni tí ẹ fẹ́, nítorí adójútòfò ẹ̀mí tí òfin ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe fún òṣìṣẹ́, tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan rẹ̀, ẹni tí ẹ bá kọ ni yóò kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà tàbí tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, láti ọdún 2019 ni PenCom ti ṣí ètò ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún irú yín. Màámi ìbá ti wà nínú rẹ̀ ká ní ètò náà ti wà nígbà tí Gbági ṣì ń gbè é.

Ẹ̀bẹ̀ mi tó kù, ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ni. Kí wọ́n tó tún òfin owó orí ṣe ní ọdún 2011, ìdẹ̀kùn kan wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ń tọ́jú ìbátan rẹ̀ tí ogbó tàbí àìlera kò jẹ́ kó lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. ₦2,000 lórí ẹnì kan ni, èèyàn méjì péré. Owó náà kéré dé ibi tí kò fi ní í ṣe nǹkan kan, wọ́n sì pa á rẹ́ nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òfin tuntun yìí dárúkọ ọkọ àti aya, kò dárúkọ òbí. Ní ilẹ̀ tí a ti ń sọ fún ọmọ láti kékeré pé òun ni owó ìfẹ̀yìntì ìyá rẹ̀, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìlà kan kún un: kí owó adójútòfò ìlera tí ọmọ bá san fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀, lórí ètò tí ìjọba fọwọ́ sí, kúrò nínú owó tí a ń bu owó orí lé. Ọ̀pọ̀ òbí tí kò sí lórí ètò kankan lónìí, ọmọ wọn yóò forúkọ wọn sílẹ̀ kí ọdún tó parí.